Ibi Tí Ilẹ̀ Ti Ṣú Bá Onífọ́tò

"Iwájú ló dára jù, iwájú ló dára jù, títí ilẹ̀ fi ṣú bá onífọ́tò." Ẹ ti gbọ́ òwe yìí rí. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ máa ń fi bá ọmọ yín wí, ṣé ẹ mọ onífọ́tò tí ilẹ̀ ṣú bá, àti ibi tó ti ṣú bá a? Àwọn kan wà tó jẹ́ pé lójú tiwọn, òwe tí kò bá ti ayé ogun wá kì í ṣe òwe. Kí wọ́n jókòó síbẹ̀. Kámẹ́rà ti wọ ìlú kí wọ́n tó pa èyí, mọ́tò náà ti wọ̀lú, síbẹ̀ ó gbọ́n ju òmíràn tó ti hu irùngbọ̀n lọ.

Àwẹ̀ró ni wọ́n ń pe obìnrin kan, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́. Kàdúná ló ti tajà títí irun rẹ̀ fi funfun. Nígbà tó ṣì jẹ́ ìyàwó tuntun, Ọláníran ọkọ rẹ̀ ń wa bọ̀lẹ̀kájà láti Kàdúná wá sílé, Àwẹ̀ró a sì jókòó níwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, létí ilẹ̀kùn tó jẹ́ pé okùn ni wọ́n fi ń so ó. Kò sí ìrìn àjò tí wọn kì í dúró ní Jẹ́bà. Ọláníran á sọ̀ kalẹ̀ létí Odò Ọya, á bu omi bọ́jú, á bu òmíràn wọ́n ìyàwó rẹ̀ lára. Àwẹ̀ró á pariwo, èrò ẹ̀yìn ọkọ̀ á bú sẹ́rìn-ín. Èjì Àwẹ̀ró fẹ̀, eyín rẹ̀ funfun kinniwin, nítorí orín àtà kì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀. "Jẹ́ kí ilẹ̀ ṣú," Ọláníran á wí, "kí gbogbo iná ọkọ̀ yìí kú. Èjì Àwẹ̀ró ni n ó fi ríran délé."

Nígbà tí ọ̀rọ̀ òwe yìí ṣẹlẹ̀, Ọláníran ti lọ síbi tí àgbà ń rè. Ẹsẹ̀ ń dun Àwẹ̀ró, Kàdúná sì ti sú u. Ó ní ilé yá, òun ò sì tún ní í padà. Ohun kan ṣoṣo ló bẹ Kànmí, àkọ́bí rẹ̀, tó jẹ́ onífọ́tò tí òkìkí rẹ̀ kàn.

"Kànmí, bí a bá dé Jẹ́bà, kí o yà mí létí odò. Mi ò tún ní í gba ọ̀nà yẹn mọ́ láyé mi. Gbogbo fọ́tò mi tó wà lọ́wọ́ rẹ, iwájú aṣọ tí o kun òkun sí lo ti yà á. Mi ò dé òkun rí. Jẹ́bà ni mo dé."

Kànmí ní kó má mikàn. Kì í ṣe irọ́ ló ń pa, ó fẹ́ràn ìyá rẹ̀ bí ẹyinjú. Àìsàn kan péré ló ń ṣe é: kò sí ibi tó dára tó lójú rẹ̀. Ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, á yí ọrùn oníbàárà sọ́tùn-ún, á yí i sósì, títí ẹ̀rín tí onítọ̀hún gbé bọ̀ láti ilé yóò fi gbẹ mọ́ ọn lẹ́nu.

Wọ́n háyà Píjò kan, Ráṣídì awakọ̀ jókòó sídìí rẹ̀, wọ́n gbéra ní ìdájí. Kànmí gbé kámẹ́rà kọ́rùn, ṣùgbọ́n ó fi iná tí wọ́n fi ń ya fọ́tò sílé. "Ta ní í tan fìtílà lábẹ́ oòrùn?" ló wí.

Wọ́n kọjá Tẹ́gínà, wọ́n kan igi oṣè ńlá kan létí ọ̀nà. Àwẹ̀ró ní kí wọ́n dúró, abẹ́ igi yẹn ni ọkọ òun ti máa ń pààrọ̀ táyà. Kànmí bọ́ sílẹ̀, ó di ojú kan, ó la ìkejì, ó mi orí. Ó ní oòrùn ò tíì gbéra dáadáa. "Màmá, iwájú ló dára jù." Nígbà tí wọ́n dé Mókwà, ọkà bàbà ti gbó, ó pọ́n lọ súà bí ẹni tẹ́ ẹní sílẹ̀ fún ọba. Àwẹ̀ró tún ní kí wọ́n dúró. Kànmí ní wáyà iná ba ojú ọ̀run jẹ́. "Iwájú ló dára jù."

Ráṣídì wò ó tìkà-tẹ̀gbin. "Ọ̀gá Fọ́tò, iwájú yẹn, ṣé ó mọ̀ pé à ń bọ̀ ṣá?"

Ọ̀sán pọ́n ganrínganrín nígbà tí wọ́n dé Jẹ́bà. Àwẹ̀ró ò dúró de ẹnikẹ́ni. Ó da ìborùn funfun rẹ̀ bo èjìká, ó tiro lọ sétí odò. Atẹ́gùn ń fẹ́, òórùn ẹja ń ta sánsán, omi náà ń lọ bó ṣe ń lọ láyé ijọ́sí. Ó bẹ̀rẹ̀, ó bu omi, ó fi bọ́jú. Ó tún bu òmíràn, ó fúnra rẹ̀ wọ́n ọn sí ara, ó sì rẹ́rìn-ín. Omi ń kán tó-tó-tó ní àgbọ̀n rẹ̀, èjì rẹ̀ ń dán nínú oòrùn. Ráṣídì rí i. Ẹni tó gbé kámẹ́rà kọ́rùn ò rí i, ó kọ ẹ̀yìn sí ìyá rẹ̀, ó ń ṣépè fún ọkọ̀ akẹ́rù tó ń gba orí afárá kọjá.

Nígbà tó fi máa yíjú padà, ó ní, "Màmá, ẹ jẹ́ ká máa lọ. Oòrùn ti gun àárín orí, ihò ojú yín á dúdú. Ẹnu bodè ìlú wa la ó ti yà á. Oòrùn ìrọ̀lẹ́ á dà sí yín lára bí epo tuntun."

"Kànmí, odò ni mo wí. Mi ò wí bodè."

"Màmá, iṣẹ́ mi nìyí. Iwájú ló dára jù."

"Ó dáa. Ọmọ tí mo bí ló wá ń kọ́ mi níbi tí mo ti rẹwà." Ó fún omi etí ìró rẹ̀ dànù, ó padà sínú mọ́tò. Ó wẹ̀yìn wo odò títí odò fi wọ ẹ̀yìn òkè.

Bí wọ́n ti fi Ìlọrin sílẹ̀ ni táyà bẹ́. Èyí tí wọ́n gbé sẹ́yìn ọkọ̀ kò ní atẹ́gùn, ni Ráṣídì bá ń yí i lọ bí ọmọdé tó ń fi táyà ṣeré, ó ń wá ẹni tí yóò lẹ̀ ẹ́. Àwẹ̀ró ní kí Kànmí ya òun níbi tí òun jókòó sí. Kànmí ní, "Ẹ̀gbẹ́ mọ́tò tó bàjẹ́ kẹ̀, Màmá!" Oòrùn tó ń dúró dè ṣe bí ẹni ń yọ́ lọ, ó wọ igbó.

Ìgbà tí wọ́n dé bodè Ògbómọ̀ṣọ́, ilẹ̀ ti ṣú biribiri. Ọ̀kan nínú iná iwájú mọ́tò pàápàá ti kú. Kànmí jókòó sẹ́bàá ọ̀nà, ó gbá kámẹ́rà mọ́ àyà bí ẹni tó ń gbé òkú ẹyẹ.

"Màmá, ẹ má bínú. Ẹ jẹ́ ká lọ sinmi. Tó bá dọ̀la..."

"Ọ̀la kẹ̀?" ni Àwẹ̀ró wí. "Ṣé ọ̀la náà kọ́ ló wà níwájú yẹn? Dìde. Yà mí níbi tí mo wà."

Ó lọ dúró níwájú iná kan tó ṣẹ́kù. Ráṣídì ké sí i pé, "Ẹ rẹ́rìn-ín, Màmá, kí kámẹ́rà lè mọ ibi tí ẹ wà!" Àwẹ̀ró rántí ohun tí Ọláníran máa ń sọ nípa èjì rẹ̀, ẹ̀rín bú jáde lẹ́nu rẹ̀. Kànmí tẹ kámẹ́rà.

Nígbà tí wọ́n fọ fọ́tò náà, òkùnkùn ló kún inú rẹ̀. Etí ìborùn hàn fírí. Èjì hàn. Kò sí ojú, kò sí imú. Kànmí fẹ́ fà á ya, Àwẹ̀ró já a gbà. "Fi sílẹ̀," ó ní, "bàbá rẹ á mọ̀ mí."

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, Kànmí nìkan padà sí Jẹ́bà. Oòrùn dára, ọkọ̀ akẹ́rù kankan kò kọjá. Ó ya odò náà, kò sì tíì ya ohun tó rẹwà tó bẹ́ẹ̀ láyé rẹ̀. Ó fi férémù sí fọ́tò méjèèjì, ó gbé wọn kọ́ sára ògiri yàrá ìyá rẹ̀. Odò wà nínú ọ̀kan, Àwẹ̀ró kò sí níbẹ̀. Àwẹ̀ró wà nínú ìkejì, odò kò sí níbẹ̀. Bí àlejò bá ń yin odò, Àwẹ̀ró á kàn rẹ́rìn-ín.

Ráṣídì ẹlẹ́nu bí abẹ ló gbé ọ̀rọ̀ náà dé gáréèjì, gáréèjì ló sì gbé e dé etí gbogbo ayé. Ìdí nìyẹn tí àgbà fi ń pa á fún ọkùnrin tó ń ti obìnrin rere sẹ́gbẹ̀ẹ́ nítorí èyí tí kò tíì rí, àti fún ọmọ tó ní ìgbà tí òun bá kọ́lé tán ni òun yóò tó lọ wo ìyá òun: "Iwájú ló dára jù, iwájú ló dára jù, títí ilẹ̀ fi ṣú bá onífọ́tò." Ẹni tí ìyá rẹ̀ bá ń rẹ́rìn-ín létí odò lọ́wọ́ báyìí, kó tètè yíjú padà.