Ẹni Tí Wọ́n Ń Gbé Orí Fún

Àlọ́ o!

Àlọ̀!

Àlọ́ mi dá fìrìgbagbòó, kò balẹ̀ síbòmíràn, àfi lórí Ìjàpá tí kò nírun.

Ní ìgbà kan rí, Ìjàpá àti Ọ̀kẹ́rẹ́ jọ ń ṣe iṣẹ́ onígbàjámọ̀. Ìjàpá ló ni abẹ, òun ló ni àpótí ìjókòó. Ọ̀kẹ́rẹ́ ló ń fá orí. Ohun tí wọ́n bá rí, wọ́n á pín in dọ́gba. Pípín yìí ni kò jẹ́ kí Ìjàpá sùn.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó wúkọ́ bí ìjòyè.

"Ọ̀rẹ́, kí kálukú mú tirẹ̀. Ohun tí ọwọ́ bá lè gbá mú, tèmi ni. Ìyókù, máa kó o lọ."

Ọ̀kẹ́rẹ́ wo ọwọ́ ara rẹ̀. "Ó dáa," ló wí, ó bá lọ.

Ẹfọ̀n dé, ó jókòó. Bó ṣe rí abẹ lọ́wọ́ Ìjàpá, ó dìde.

"Ọ̀kẹ́rẹ́ dà?"

"Ó ti lọ. Ẹ fọkàn balẹ̀, bàbá, abẹ àná náà nìyí."

"Ṣé abẹ ni mo máa ń gbé orí fún ni?"

Ẹfọ̀n bá tirẹ̀ lọ. Ìkookò náà lọ. Ewúrẹ́ ò tiẹ̀ jókòó.

Ọ̀rọ̀ yìí ò yé Ìjàpá. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i, orí rẹ̀ ò hu irun rí. Kò na ọrùn fún onígbàjámọ̀ kankan rí.

Ibi tó ti wá burú ni pé àna rẹ̀ dé, tòun ti ẹbí. Àgbò ni bàbá ìyàwó rẹ̀. Ẹ má bi mí bó ṣe jẹ́. Ìjàpá dọ̀bálẹ̀, ó nu àpótí.

"Ẹ jókòó, bàbá. Ẹ̀yin ò ní sá fún mi."

Àgbò fi ọwọ́ méjèèjì di fìlà mú.

"Ọkọ ọmọ mi, ọmọ ni mo fún ọ. N ò fi orí mi kún un. Mú wa lọ sọ́dọ̀ Ọ̀kẹ́rẹ́."

Gbogbo ẹbí ń wo ilẹ̀. Ì bá sàn kí wọ́n rẹ́rìn-ín.

Ìjàpá gbé àpótí rù, ó síwájú àna rẹ̀. Wọ́n bá Ọ̀kẹ́rẹ́ lábẹ́ igi, abẹ àyálò ló fi ń ṣiṣẹ́. Ẹfọ̀n ti sùn lọ níwájú rẹ̀, ọrùn ńlá yẹn nà gbalaja lábẹ́ abẹ, ó ń hanrun. Ìjàpá wò ó. Ó wá yé e.

"Ẹ káàbọ̀ o," ni Ọ̀kẹ́rẹ́ wí. "Ìjàpá, gbé àpótí sílẹ̀ fún bàbá."

Ìjàpá gbé e sílẹ̀. Ó wá ibi tí yóò fi ojú sí, kò rí, ó bá fa orí wọnú ara rẹ̀. Inú ibẹ̀ ló wà tó fi mú ìgbálẹ̀, tó sì ń bá Ọ̀kẹ́rẹ́ gbá irun onírun títí dòní.

Ìdí àlọ́ mi rèé: ẹ̀yin tí ẹ jọ ń ṣòwò, ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ pínyà, ẹ kọ́kọ́ wo ohun tí ọwọ́ kò lè gbá mú, nítorí òun làwọn oníbàárà máa tẹ̀lé. Ẹni tó bá sì ti kó gbogbo ohun tí ojú rí, kó rántí mú ìgbálẹ̀. Yóò wúlò fún un.