Oyè Dùn, Ọmọ Ń Sùn

Àlejò tó bá kọ́kọ́ dé Òkè-Àsọ̀rọ̀ a máa la ẹnu sílẹ̀ bó bá gbọ́ òwe wọn yìí: "Oyè dùn, ọmọ ń sùn." Kí ló pa oyè pọ̀ mọ́ oorun ọmọdé? Ẹ fara balẹ̀ kí ẹ gbọ́ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹ̀.

Nehemáyà Àlàó, gbẹ́nàgbẹ́nà, ló ni í. Ọdún mẹ́sàn-án ni òun àti Dọ́káàsì aya rẹ̀ fi wojú Olúwa kí wọ́n tó bí Ìbídùn. Ọmọ náà kò tíì pé ọdún kan tí Dọ́káàsì fi yọ̀ ṣubú lódò, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kán. Nehemáyà bá gba ọ̀já. Ó ń pọn ọmọ lọ sí ìsọ̀, ó ń pọn ọ́n lọ sódò. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè é ní Ìyá Ìbídùn. A sì máa dá wọn lóhùn pé, "Ẹ ṣeun, ẹ̀yin tí ẹ̀yìn yín ṣófo."

Lọ́dún náà ni ìjọ fẹ́ fi í jẹ Bàbá Ìjọ. Inú Dọ́káàsì dùn ju ti ọkọ rẹ̀ lọ. Orí ẹní àìsàn ló ti rán fìlà tí yóò dé. Ṣùgbọ́n nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́ta, ibà mú Ìbídùn. Kò sùn, kò sì gbà kí ẹnikẹ́ni gbé òun, àfi bàbá rẹ̀. Àárọ̀ ọjọ́ ìsinmi gan-an, bí wọ́n ti ń fi àga gbé Dọ́káàsì lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ni oorun ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ọmọ lọ ní ẹ̀yìn bàbá rẹ̀.

Àṣà ìjọ ni pé ẹni tó fẹ́ joyè a dọ̀bálẹ̀ gbalaja, wọn a sì da aṣọ oyè bò ó lẹ́yìn.

"Sọ ọmọ yẹn kalẹ̀," ni Bàbá Adésojí, olórí àwọn àgbà, wí.

Obìnrin kan nawọ́ sí ọmọ. Ìbídùn kùn, Nehemáyà sún sẹ́yìn. Dọ́káàsì ń juwọ́ sí i pé kó gbé e wá. Nehemáyà mi orí.

"Àlàó, ṣé o ò fẹ́ oyè ni? Bó o bá kọ̀ ọ́, ẹlòmíràn la ó fún o."

"Oyè dùn, bàbá," ó rọra sọ ọ́. "Ọmọ ń sùn."

Ìjọ rẹ́rìn-ín títí. Wọ́n da aṣọ bo ẹlòmíràn.

Nígbà tí wọ́n délé, Dọ́káàsì fi ìbínú sọ̀rọ̀. "Bàbá Ìbídùn, ẹkún ìṣẹ́jú kan péré! Ṣé ẹkún ń pa ọmọ ni?"

Nehemáyà kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní aya rẹ̀, ó kọ ẹ̀yìn tí ọmọ wà sí i. "Gbọ́ bó ṣe ń mí."

Dọ́káàsì gbé etí lé ọmọ. Èémí rẹ̀ ń lọ jẹ́jẹ́. Òógùn ti bo ọrùn rẹ̀. Ara tó ń jó bí iná lánàá ti wálẹ̀. Ìbínú tán lẹ́nu ìyá.

Nehemáyà kò joyè kankan títí ó fi sùn nínú Olúwa, ọmọ mẹ́rin yí ibùsùn rẹ̀ ká. Àwọn tó fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ ló wá ń fi í kọ́ ọmọ tiwọn. Nígbà tí wọ́n ní kí Dọ́káàsì má sunkún mọ́, ó ní, "Ẹ jẹ́ kí n sun ún. Òun ni mo fi ń dúpẹ́."

Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé, bí ẹnìkan bá fi iyì sílẹ̀ nítorí ẹni tí Ọlọ́run fi sí ìkáwọ́ rẹ̀, ará Òkè-Àsọ̀rọ̀ kì í bi í léèrè mọ́. Wọn a kàn ní: oyè dùn, ọmọ ń sùn.