Irùngbọ̀n Àjàgbé

Irùngbọ̀n ni kò bá ẹ̀rí Àwẹ̀ró mu. Ó ti búra fún baálẹ̀ pé òun rí irùngbọ̀n Àjàgbé, àbúrò òun, nínú èéfín nígbà tí àká àgbàdo òun ń jó. Àwọn ọ̀dọ́ ti wó ilé Àjàgbé kí wọ́n tó mú òun fúnra rẹ̀ dé. Àgbọ̀n rẹ̀ ń dán.

“Ó fá a kó lè tàn wá ni!” ni ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́ náà kígbe.

“Èmi ni mo fá a láàárọ̀,” ni onígbàjámọ̀ wí, “kí iná tó sọ nírọ̀lẹ́.”

Baálẹ̀ mí kanlẹ̀. “Àwẹ̀ró, ẹni tó fojú àná wòkú, ẹbọra a bọ́ ọ láṣọ. Kí lo rí gan-an?”

“Ẹ̀gbọ́n mi,” ni Àjàgbé wí, “ilé mi ńkọ́?”

Àwẹ̀ró kò lè wò ó lójú. Ẹ̀yìn ẹnì kan tó ń sá lọ nìkan ló rí. Ìjà tí wọ́n jà lórí oko bàbá wọn léṣìí ló fi ojú Àjàgbé sí onítọ̀hún.