Bí Wọ́n Ṣe Ṣọ̀fọ̀ Ọkọ̀ Oyèkúnlé

Ọkọ̀ tí ẹkún ò pa, ayọ̀ ló pa á. Ẹ ti gbọ́ ọ rí, àbí ẹ ò tíì gbọ́ ọ? Àwọn àgbà máa ń pa á lówe, wọn a sì mi orí. Ẹni tí wọ́n pa á fún náà a mi orí bí ẹni pé ó yé e. Ṣùgbọ́n ta ló mọ ìdí rẹ̀? Ẹkún wo? Ayọ̀ wo? Ọkọ̀ ta ni? Àwọn kan tiẹ̀ ń sọ fún ọmọ wọn pé ọkọ̀ ojú omi ni. Irọ́ ni o! Ọkọ̀ ilẹ̀ ni, pupa fòò, ìlú Ṣakí ló wà, nílé Oyèkúnlé tó fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́.

Kẹ̀kẹ́ ni Oyèkúnlé fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ gùn, tó ń pín lẹ́tà kiri. Kò sí ajá àdúgbò náà tí kò mọ adùn ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, Mojírọ́lá ọmọ rẹ̀ tó wà lókè òkun bi í pé kí ni kí òun ṣe fún un. Bàbá ò béèrè ilé, kò béèrè Mẹ́kà, kò béèrè Jerúsálẹ́mù. Ó ní ọkọ̀ tó ń sáré ni òun fẹ́, irú èyí tí í bú ramúramù kó tó gbéra. Ọmọ kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Nígbà tó rí i pé bàbá òun ò rẹ́rìn-ín, ó fi ọkọ̀ ránṣẹ́.

Háà, ẹ ò rí bàbá yìí àti ọkọ̀! Kó tó bọ́jú ara rẹ̀ láàárọ̀, ó ti bọ́jú fún ọkọ̀. Ìyàwó rẹ̀, Ìyá Mojí, kì í dárúkọ ọkọ̀ náà. “Orogún mi” ló ń pè é. Àmọ́ ẹ má dá Oyèkúnlé lẹ́bi. Ohun gbogbo tó ti ní láyé, ẹlòmíràn ló yàn án fún un. Ohun kan ṣoṣo tó fẹnu ara rẹ̀ béèrè fún nìyí, bó bá sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó mọ̀ pé òun kò ní rí òmíràn gbà mọ́.

Ó di ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ pààrọ̀ ọ́ìlì. Oyèkúnlé ò ní jẹ́ kí ọkọ̀ òun lọ dúró láàárín àwọn ògbólógbòó ọkọ̀ tó ti dípẹtà, nítorí náà Kásálì mẹkáníìkì ló gbé irinṣẹ́ rẹ̀ wá sílé. Kásálì wọ ṣòkòtò iṣẹ́ rẹ̀, ó sì fa kẹ́ẹ̀gì kan tí wọ́n gé sí méjì jáde. Inú rẹ̀ dúdú bí ìdí ìkòkò.

“Kásálì, kí nìyẹn?”

“Ohun tí a óò fi gba ọ́ìlì ni, Bàbá.”

“Ọ́ìlì ọkọ̀ tèmi? Nínú ohun tí ọ́ìlì ọkọ̀ agbégẹdú ti wà?”

“Bàbá, a kúkú fẹ́ dà á nù ni o.”

“Ṣé nítorí pé wọ́n fẹ́ lọ sin òkú, wọ́n á wá fi àkísà dì í?”

Ẹni tó ni ọkọ̀ ló ni ọ̀rọ̀. Oyèkúnlé wọ yàrá lọ. Ìkòkò tuntun méjì wà níbẹ̀, ńlá kan, kékeré kan, irú èyí tí àwọn alágbẹ̀dẹ Ṣakí ń yọ́ irin funfun dà. Ìyá Mojí ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé wọn dé ni. Ó fẹ́ fi ta ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ń ṣègbéyàwó lọ́rẹ. Bàbá mú kékeré, ó fi àtẹ́lẹwọ́ nù ún, ó sì gbé e jáde pẹ̀lú ọlá, bí ẹni tó fẹ́ gba omi fún ọba.

Ọ́ìlì ṣàn wọ inú ìkòkò títí ó fi gbẹ. Kásálì fà á jáde, ó gbé e kọ oòrùn, ó sì dákẹ́. Kí mẹkáníìkì dákẹ́! Jìnnìjìnnì bo Oyèkúnlé kó tó tiẹ̀ mọ ohun tó ń dẹ́rù ba òun. Èérún irin ló wà nínú ọ́ìlì náà, tó ń dán yinrinyinrin. Kásálì fi ìka méjì bù ú, ó ra á láàárín wọn, ó gbóòórùn rẹ̀. Ó yọ òòfà lápò, ó kì í bọ inú ìkòkò. Òòfà jáde, kò gbé nǹkan kan.

“Ó tán,” ni Kásálì wí. “Irin tí òòfà kọ̀, ti inú lọ́hùn-ún ni. Písítìnnì ni, Bàbá. Ẹ́ńjìnnì ti ń jẹ ara rẹ̀, kò ní pẹ́ tí yóò fi nọ́ọ̀kì.”

Ó tú asẹ́ tó ń jọ̀ ọ́ìlì, ó gé e sí méjì, ó tẹ́ ẹ sílẹ̀ kí wọ́n lè wò ó. Ó mọ́ tónítóní. Oyèkúnlé fò sókè. “Ó mọ́! Kásálì, ó mọ́!”

Kásálì mi orí. “Ohun tó bà mí lẹ́rù gan-an nìyẹn. Ẹ́ńjìnnì tó ń ṣàìsàn tí asẹ́ rẹ̀ ṣì mọ́, ó ń pa á mọ́ra ni. Kò fẹ́ kí ẹ mọ̀.”

Bàbá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. “Bí bàbá tó bí mi náà ti ṣe nìyẹn,” ló wí, omijé sì bọ́ lójú rẹ̀. Kásálì fọwọ́ kàn án léjìká, ó ní kò sí ẹni tó lè rí ohun èlò irú ọkọ̀ yẹn rà ní gbogbo agbègbè náà, pé òun yóò bá a pe àwọn tó ń ra irin àlòkù kí wọ́n wá fà á lọ kó tó di pé wíwò rẹ̀ á máa dá a lóró.

Ẹ mọ ẹnu ará àdúgbò. Kí iwájú tó mọ̀, ẹ̀yìn ti gbọ́. Ògúndìran, ọ̀rẹ́ Oyèkúnlé láti kékeré, ló kọ́kọ́ dé. Ó ṣí fìlà níwájú ọkọ̀, ó dorí kodò.

“Oyèkúnlé, o kú ará fẹ́ra kù o. Ọlọ́run á tù ọ́ nínú. Ọmọ ọdún mélòó ni?”

“Ọdún méje.”

“Yéè! Òkú ọ̀fọ̀ ni!”

Bí wọ́n ṣe ń wọlé nìyẹn, lọ́kùnrin, lóbìnrin. Wọ́n to bẹ́ǹṣì yí ọkọ̀ ká. Ọ̀kan ní òun rí i lánàá, ara rẹ̀ ṣì yá gágá. Òmíràn ní ohùn rẹ̀ ti yàtọ̀ láti ọjọ́ mélòó kan, òun kàn ní kí òun má sọ ni. Àríyànjiyàn bẹ́ sílẹ̀ bóyá a lè jẹun níbi òkú ọ̀fọ̀. Ebi ń pa wọ́n, ni wọ́n bá fẹnu kò pé ẹ̀wà kì í ṣe àsè. Ìyá Mojí ò dìde lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ rẹ̀. Orogún ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n orogún tó ń mú ọkọ rẹ̀ rẹ́rìn-ín ni, àánú rẹ̀ sì ṣe é dénú. Ìyàwó Ògúndìran ló bá wọn ṣe aájò. Ó wọ yàrá, ó rí ìkòkò ńlá, ó ṣàn án lẹ́ẹ̀kan, ó da ẹ̀wà sí i, ó sì rò ó dáadáa.

Wọ́n bu ẹ̀wà kárí. Ògúndìran ló kọ́kọ́ fi eyín bù ú, gbogbo èèyàn sì gbọ́ ọ: kẹ́ẹ́rẹ́! Lẹ́yìn náà, ẹnu tibí, ẹnu tọ̀hún, kẹ́ẹ́rẹ́, kẹ́ẹ́rẹ́. Ògúndìran tu tirẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́. Ó ń dán yinrinyinrin.

“Ẹ gbà mí o! Ẹ̀wà náà ti nọ́ọ̀kì!”

Iṣẹ́ ti mọ́ Kásálì lára. Kó tó ronú, ó ti yọ òòfà, ó ti kì í bọ inú àwo Ògúndìran. Òòfà jáde, kò gbé nǹkan kan.

“Písítìnnì ni,” ni Kásálì wí. Gbogbo wọn yíjú wò ó. Òun náà wo òòfà, ó wo ẹ̀wà, ó sì rọra dá òòfà padà sápò.

Ìyá Mojí ti sáré lọ sídìí àdògán. “Ta ló gbé ìkòkò mi? Ta ní ń fi ìkòkò tuntun dáná láì tíì fi iyanrìn fọ̀ ọ́? Fáìlì ni wọ́n fi ń ha inú rẹ̀ kó lè dán, gbogbo èérún rẹ̀ ṣì wà nísàlẹ̀! Kékeré rẹ̀ ńkọ́? Níbo lẹ gbé kékeré sí?”

Ẹ̀wà ṣì wà lẹ́nu Oyèkúnlé. Ó wo abẹ́ ọkọ̀, níbi tí ìkòkò kékeré dúró sí tòun ti ọ́ìlì. Ó gbé ẹ̀wà náà mì, tìrin-tìrin.

“Kò kú!” Bàbá fò dìde. “Kò kú rárá! Ìkòkò ni! Ìkòkò ló ń ṣàìsàn!”

Àwọn tó ń ra irin àlòkù ṣẹ̀ṣẹ̀ dé pẹ̀lú okùn ni. Ó já okùn gbà lọ́wọ́ wọn, ó jù ú sórí òrùlé. Ariwo ta. Ògúndìran dé fìlà rẹ̀ padà, ó sì tẹ̀ ẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Àwọn obìnrin gbé orin, àwọn ọkùnrin ń fi àwo ẹ̀wà jó. Oyèkúnlé fa kọ́kọ́rọ́ yọ, ó kó sínú ọkọ̀, Ògúndìran kó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Kásálì fúnra rẹ̀ ló ṣí géètì fún wọn, ó ń jó, ó ń lu géètì bí ìlù. Ọkọ̀ bú ramúramù.

Wọ́n já sí títì. Bàbá ń fọn fèrè ọkọ̀, ó ń juwọ́ sí ọ̀tá, ó ń juwọ́ sí ọ̀rẹ́, ó tilẹ̀ juwọ́ sí ajá. Iná pupa kan tàn nínú ọkọ̀ níwájú rẹ̀, ó rò pé òun náà ń bá òun yọ̀ ni. Nígbà tí wọ́n dé ìdagẹ̀rẹ̀, nǹkan kan dún lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì: kọ́, kọ́, kọ́, gbàgà! Ọkọ̀ dúró. Èéfín jáde.

Kásálì sáré dé pẹ̀lú àwọn oníjó lẹ́yìn rẹ̀. Ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó fa ọ̀pá tí wọ́n fi ń wọn ọ́ìlì yọ. Ó gbẹ háúháú. Ọ́ìlì àtijọ́ ṣì wà nínú ìkòkò nílé, ọ́ìlì tuntun wà nínú páálí rẹ̀, kò sẹ́ni tó já a. Nínú gbogbo agbo tó ṣọ̀fọ̀ ẹ́ńjìnnì, tó sì jó fún ẹ́ńjìnnì, ẹnì kan ò rántí pé òùngbẹ ń gbẹ ẹ́.

“Bàbá,” ni Kásálì wí, ohùn rẹ̀ wálẹ̀, “ti èyí, ó dájú.”

Oyèkúnlé jókòó sí etí títì. Ó ń retí kí ojú òun da omi, omi kò wá. Ẹkún tó yẹ kó sun fún òkú, ó ti sun ún fún alààyè. Ó wo Ògúndìran bóyá ọ̀rẹ́ rẹ̀ yóò tilẹ̀ kí i. Ògúndìran nu ẹnu, ó ní, “Ọ̀rẹ́ mi, a ṣáà ti kí ọ lẹ́ẹ̀kan. Ìyẹn ṣì wà níbẹ̀. Òun ni kó o lò.”

Níbẹ̀ ni òwe náà ti jáde, títí dòní ni wọ́n sì ń pa á. Bí ẹni tí wọ́n ní àìsàn rẹ̀ kò le tó bí wọ́n ti rò bá da oògùn díẹ̀ tó kù nù, tàbí ẹni tó rí ewúrẹ́ rẹ̀ tó sọnù bá ń fò kiri láì tíì so ó mọ́lẹ̀, tí ìdùnnú pé ewu ti kọjá ò jẹ́ kó parí ohun tó kù, àwọn àgbà a fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọn a ní kó rọra yọ̀: ọkọ̀ tí ẹkún ò pa, ayọ̀ ló pa á.