Ọ̀nà Ìdí-Ọṣẹ̀

Ní ìlú Òkè-Ìgbín, baba kan wà tí ń jẹ́ Ọ̀pátọ́lá. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó máa múra àwọn ọ̀dọ́ sílẹ̀ fún ìdánwò ilé arọ́kin, àwọn tí ń pa ìtàn ìlú mọ́ fún ọba. Ẹni tí yóò wọ ibẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rin ọ̀nà tí àwọn baba ńlá gbà wá láti Ìdí-Ọṣẹ̀, kí ó sì kọ́ orin ibi kọ̀ọ̀kan tí wọ́n ti sinmi. Ọ̀pátọ́lá a máa bá akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ rìn ín. Ẹni tó bá sunkún, kì í rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún.

Ṣùgbọ́n fún ọdún mẹ́ta gbáko, akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ kankan kò yege. Àwọn ènìyàn ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé bó bá kọ́ni tán, ilé baba ẹni ni a ó padà sí. Nígbà náà ni Ìyálóde Efúnyẹlà mú ọmọ rẹ̀, Akínkúnmi, wá.

"Baba, ẹsẹ̀ ọmọ mi kò gba ẹ̀gún," ni Ìyálóde wí. "Àwọn ìránṣẹ́ mi yóò máa gbé e pọ̀n. Tiyín ni kí ẹ máa kọ orin sí i létí."

"Ìyálóde, ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń kọ́ ẹ̀kọ́ yìí."

"Àwọn tó fi ẹsẹ̀ kọ́ ọ dà?"

Ọ̀rọ̀ náà gún Ọ̀pátọ́lá lọ́kàn. Ó gbà. Wọ́n gbé Akínkúnmi pọ̀n lọ, wọ́n gbé e pọ̀n bọ̀. Ó ń sùn, ó ń jí, ó ń kọrin. Lọ́jọ́ ìdánwò, kò sí ẹni tó mọ orin tó o. Àwọn arọ́kin kò bi í bóyá ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ló fi rìn; wọ́n gbà á wọlé, òkìkí Ọ̀pátọ́lá sì tún kàn.

Ní ogún ọdún lẹ́yìn náà, tí àwọn arọ́kin àgbà ti kú tán, tí Akínkúnmi sì ti di olórí wọn, ọ̀dá dá. Odò gbẹ, kànga ń gbẹ lọ. Ọba pinnu pé kí gbogbo ìlú padà sí Ìdí-Ọṣẹ̀, níbi tí ìsun omi kì í gbẹ. Ó bi olórí arọ́kin bí ọ̀nà ti jìn tó.

"Kábíyèsí, kò jìn," ni Akínkúnmi wí. "Ẹni tó bá kúrò nílé lówùúrọ̀ á dé kí oòrùn tó wọ̀. Kèrègbè omi kan tó ilé kan."

Àwọn tó wà lábẹ́ rẹ̀ kò gbọdọ̀ já olórí wọn nírọ́ níwájú ọba. Ọ̀pátọ́lá wà láàárín èrò, ó sì mọ̀ pé ìrìn ọjọ́ mẹ́rin ni. Ṣùgbọ́n bí ó bá sọ ọ́, wọn yóò bi í bí Akínkúnmi ṣe yege. Ó pa ẹnu mọ́. Nígbà tó délé, ó pọn omi kún kèrègbè mẹ́ta.

"Baálé mi, ṣé omi la fẹ́ lọ tà ni?" Àwẹ̀ró ìyàwó rẹ̀ fi í rẹ́rìn-ín. "Wọ́n mà ní ilẹ̀ ò ní ṣú bá wa."

Ó so kèrègbè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mọ́ ẹrù, wọ́n sì bá ìlú jáde.

Ilẹ̀ ṣú bá wọn. Lọ́jọ́ kejì, ọ̀fun àwọn ọmọ aládùúgbò gbẹ, Àwẹ̀ró sì ń bu omi fún wọn. Ọ̀pátọ́lá di ọwọ́ rẹ̀ mú pé kó ṣẹ́ díẹ̀ kù.

"A ó dé láìpẹ́," ni obìnrin náà wí. "Arọ́kin kì í purọ́."

Ọjọ́ kẹta ni Àwẹ̀ró ṣubú, tí kò dìde mọ́. Ẹ̀bá ọ̀nà ni wọ́n sin ín sí, òun àti àwọn mẹ́sàn-án mìíràn.

Akínkúnmi wá dúró ti Ọ̀pátọ́lá. "Baba, ọ̀nà yìí kò jìn báyìí nígbà tí a rìn ín."

"Ta ló rìn ín?" ni Ọ̀pátọ́lá bi í. "Ẹ̀yìn ènìyàn lo wà. Èmi ni mo sì gbà kí wọ́n gbé ọ síbẹ̀."

Ó sọ ọ́ sókè, gbogbo ìlú gbọ́. Àwọn mẹ́wàá tó wà nínú ilẹ̀ nìkan ni kò gbọ́.

Láti ẹ̀bá ibojì wọn ni ọ̀rọ̀ náà ti wọ ẹnu àwọn àgbà, tí wọ́n fi ń pa á lówe títí dòní pé: ọmọ tí a gbé pọ̀n kò mọ̀ pé ọ̀nà jìn.