Ohun tó Mú kí Imú Ajá Máa Tutù

Nígbà láéláé, nígbà tí ajá ṣì ń sọ̀rọ̀ ketekete bí èmi àti ẹ̀yin, tí imú rẹ̀ sì gbẹ bí èèpo ẹ̀pà, orí omi ni ajá ń gbé. Ẹ ti ń rẹ́rìn-ín? Ẹ rín in tán, ẹ̀yin ọmọ yìí, kí n lè máa bá ọ̀rọ̀ mi lọ.

Ọ̀gá ajá ni Akíngbàyè, apẹja kan ní etí òkun. Kò ní aya, kò ní ọmọ. Ọkọ̀ onígbòkun kan ló ní, àti ajá rẹ̀. Ìgbòkun ni aṣọ ńlá tí wọ́n máa ń ta sórí òpó ọkọ̀, kí afẹ́fẹ́ lè gbé ọkọ̀ náà lọ. Etí òkun ni àwọn méjèèjì máa ń tọ̀ láti abúlé dé abúlé, wọn kì í lọ jìnnà sí ilẹ̀. Ajá a jókòó sí iwájú ọkọ̀, a na imú sókè.

"Ọ̀gá, mo gbóòórùn ẹja tí wọ́n ń yan. A ti fẹ́rẹ̀ẹ́ débẹ̀."

"O ṣeun, ọ̀rẹ́ mi."

Bí Akíngbàyè bá jẹ ẹja, ajá ló ni orí. Bí òjò bá dé, abẹ́ aṣọ kan náà ni wọ́n jọ ń sùn sí. Ayé dùn nígbà náà, ẹ gbà mí gbọ́.

Ṣùgbọ́n èèwọ̀ kan wà. Bí ìgbòkun bá ti wà lókè, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ pe orúkọ ẹlòmíràn lójú omi. Afẹ́fẹ́ ń gbọ́. Orúkọ tó bá gbọ́ di tirẹ̀, ẹni tó ń jẹ́ ẹ náà sì di tirẹ̀. Ìdí nìyí tí ajá fi ń pe ọ̀gá rẹ̀ ní Ọ̀gá, tí ọ̀gá náà ń pè é ní ọ̀rẹ́.

Ní ọjọ́ kan, wọ́n gúnlẹ̀ sí etí iyanrìn kan láti pọn omi mímu. Oòrùn mú, ó sì rẹ Akíngbàyè. Ó so okùn ọkọ̀ mọ́ èèkàn, kò tilẹ̀ sọ ìgbòkun kalẹ̀, ó ní kí òun fẹ̀yìn lélẹ̀ díẹ̀ nínú ọkọ̀.

"Ọ̀gá, ẹ jẹ́ kí n lọ na ẹsẹ̀."

"Máa lọ, ṣùgbọ́n bá mi ṣọ́ okùn yẹn. Bí omi bá ń kún, kí o jí mi."

"Mo ti gbọ́, Ọ̀gá."

Ó gbọ́ lóòótọ́. Ó gbọ́, ó sì gbàgbé! Akàn ló yọ lẹ́nu ihò, tó ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. "Ajá orí omi! Ṣé o tiẹ̀ mọ eré sá?"

Ajá gbá tẹ̀ lé e. Akàn wọ ihò yìí, ó yọ níhò tọ̀hún. Ajá ń walẹ̀, iyanrìn ń fò, inú rẹ̀ dùn débi pé kò gbọ́ omi tó ń kún lẹ́yìn rẹ̀. Nígbà tó bojú wẹ̀yìn, omi ti tú okùn, ọkọ̀ ti ń lọ díẹ̀díẹ̀, Akíngbàyè sì ń sùn nínú rẹ̀.

"Ọ̀gá! Ọ̀gá o!" Ajá bẹ́ sómi, ìgbì gbé e padà. Ó tún bẹ́, ìgbì tún dà á sórí iyanrìn. Ariwo omi pọ̀, Ọ̀gá kò gbọ́.

Akàn ní, "Ṣé Ọ̀gá lorúkọ ẹ̀ ni? Ta ni kì í jí bí wọ́n bá pe orúkọ rẹ̀?"

"Èèwọ̀ ni!"

"Ó dáa, máa wò ó bó ṣe ń lọ."

Ajá wo akàn, ó wo ọkọ̀. Ló bá lanu, ó kígbe, "Akíngbàyèèè!"

Akíngbàyè jí, ó dìde dúró, ó ní, "Hòóò!" Kó tó fọwọ́ kan àjẹ̀, Afẹ́fẹ́ ti gbọ́. Afẹ́fẹ́ kún inú ìgbòkun, ó gbé ọkọ̀ dójú agbami. Akíngbàyè ń wa àjẹ̀ padà sọ́dọ̀ ajá, ọkọ̀ ń lọ síwájú. Ajá ń wò ó títí ìgbòkun fi kéré bí ìyẹ́ lékeléke, títí kò fi rí nǹkan kan mọ́.

"Mo gbé o!" ni ajá wí. "Wọ́n ní ẹnu ẹyẹ ní í pa ẹyẹ. Ẹnu mi ló pa mí yìí."

Ó jókòó síbẹ̀, kò jẹ, kò mu. Akàn wá bẹ̀ ẹ́, kò tilẹ̀ bá a jà. Ta ló ń rójú ìjà? Àárò ọ̀gá rẹ̀ ń sọ ọ́.

Ní ìrọ̀lẹ́ kan, Afẹ́fẹ́ gba etí iyanrìn náà kọjá. Ajá dọ̀bálẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá ọ̀gá mi padà fún mi."

Afẹ́fẹ́ ní, "Ìwọ lo fi orúkọ rẹ̀ lé mi lọ́wọ́. N kì í dá ohun tí wọ́n bá fún mi padà."

"N kò fún yín. Mo pè é pé kó wá sílé ni."

Afẹ́fẹ́ ní, "Ó ṣì wà láàyè. Lójoojúmọ́ ló ń gbé orí ẹja sí iwájú ọkọ̀. Kò sẹ́ni tó ń jẹ ẹ́."

Ajá bú sẹ́kún. Ó sunkún títí àánú rẹ̀ fi ṣe Afẹ́fẹ́.

"Gbọ́. Lọ́jọ́ tó bá rẹ̀ mí, ọkọ̀ rẹ̀ yóò gúnlẹ̀ síbì kan. N kò mọ ibẹ̀. Ó lè ti darúgbó, kí ojú rẹ má dá a mọ̀ mọ́, ṣùgbọ́n òórùn ara rẹ̀ kò ní yí padà. N óò fi omi òkun pa ọ́ nímú, kí òórùn kankan má baà fò ọ́ dá. Ìwọ náà, fún mi ní ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ. Ẹnu tó fi ọ̀gá rẹ̀ tọrẹ kò gbọdọ̀ pe orúkọ ẹnikẹ́ni mọ́."

"Ẹ gbà á," ni ajá wí. Ọ̀rọ̀ tó sọ kẹ́yìn láyé nìyẹn.

Láti ọjọ́ náà ni imú ajá ti ń tutù, lẹ́ẹ̀rùn àti lójò. Láti ọjọ́ náà ló ti ń gbé orí sókè, tó ń hu "húúúùùù" sínú afẹ́fẹ́. Orúkọ yẹn ló ń gbìyànjú láti pè, kò sì jáde.

Ó kúrò létí òkun, ó wọ ìlú, ó ń wá ọ̀gá rẹ̀ láti ojúlé dé ojúlé. Nítorí náà, bí àlejò bá wọlé, tí ajá yín sáré lọ fi imú tutù kàn án lẹ́sẹ̀, ẹ má lé e, ẹ má sọ ọ́ lókò. Ẹ jẹ́ kó gbóòórùn rẹ̀ tán. Ẹ ó rí i pé yóò yí padà, yóò lọ dùbúlẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà. Ẹni tó ń wá kọ́ nìyẹn.