Orin Tí Ọyábùnmi Ń Kọ Fún Aró

Bí àlejò bá wọ ìlú Ìgbórè, tó gbọ́ tí àgbà kan ń sọ fún afúnnu pé, "Aró kò gbọ́ orin, eérú ló mọ̀," ọ̀rọ̀ náà á rú u lójú. Ta ló ń kọrin fún aró? Ibo sì ni omi inú ìkòkò ti rí etí? Ṣùgbọ́n obìnrin kan wà ní Ìgbórè tó fi ọdún mẹ́rìndínlógún kọrin fún aró, tó sì dá a lójú ju orúkọ ara rẹ̀ lọ pé aró ń gbọ́ òun.

Ọyábùnmi ni orúkọ rẹ̀. Aṣọ tó bá ti ọwọ́ rẹ̀ jáde a máa dú débi pé eṣinṣin tó bá bà lé e, ojú kò ní rí i mọ́. Bí wọ́n bá bi í bó ṣe ń ṣe é, á ní orin ni, ẹsẹ mẹ́rìnlá tí ìyá òun fi sílẹ̀ fún òun, tí òun ń kọ sí ẹnu ìkòkò láti ọjọ́ tí ewé èlú bá ti wọ omi. Àsàbí, ìyàwó ọmọ rẹ̀, ló ń wá igi, òun ló ń sun ún, òun ló ń sẹ́ omi eérú rẹ̀, tí á sì fi ahọ́n tọ́ ọ wò bóyá ó mú. Kò sẹ́ni tó bi Àsàbí ní ohunkóhun.

Ní ọdún kan, ewúrẹ́ aládùúgbò wọ ilé, ó jẹ èlú Ọyábùnmi kù díẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni Ọyábùnmi fi pariwo mọ́ ewúrẹ́ àti olówó rẹ̀. Nígbà tó di ọjọ́ kẹrin, ohùn rẹ̀ ti há. Bó bá la ẹnu, atẹ́gùn lásán ló ń jáde. Èlú tó kù sì ti wà nínú omi, ó ń retí orin. Ni ó bá ránṣẹ́ pe Látóńdé adẹ́mu, ẹni tó máa ń wà lórí ọ̀pẹ tí wọn á gbọ́ ohùn rẹ̀ ní òdìkejì odò.

Látóńdé kò mọ orin aláró kankan. Orin kan ṣoṣo tó mọ̀ ni èyí tó fi ń bú àwọn àna rẹ̀, pé òrùlé wọn ń jò, pé bàbá ìyàwó òun a máa lá àwo títí àwo á fi lu. Ọjọ́ mẹ́fà ló fi kọ ọ́ sínú ìkòkò. Aṣọ náà sì dú ju ti àtẹ̀yìnwá lọ.

Ẹlòmíràn ì bá dúró rò ó wò. Ọyábùnmi kò dúró. Ó ní òun ti rí ìdí ọ̀rọ̀, èébú ni aró fẹ́ràn jù. Kí oṣù méjì tó pé, gbogbo aláró Ìgbórè ti ń bẹ Látóńdé. Kò gun ọ̀pẹ mọ́. Àga ni wọ́n ń gbé tẹ̀ lé e láti ìdí ìkòkò kan dé òmíràn, ẹyin díndín ni wọ́n sì fi ń tọ́jú ọ̀fun rẹ̀. Bàbá ìyàwó rẹ̀ gbọ́ ọ ní abúlé, ó fi ìbínú wá. Nígbà tó rí bí aṣọ ṣe dú, ó ra ọ̀kan, ó ní ó ṣe tán, òun náà lọ́wọ́ nínú iṣẹ́ náà.

Àsìkò yẹn ni Ìyálóde fi aṣọ mẹ́jọ ránṣẹ́ sí Ọyábùnmi nítorí ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀ tó ku oṣù kan. Ó ní bí wọn kò bá dú dáadáa, ìlú mìíràn ni òun yóò máa kó aṣọ òun lọ títí ayé. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni Àsàbí lọ tọ́jú àbúrò rẹ̀ tó bímọ. Ọyábùnmi bá kó eérú ìdí ààrò tí òjò ti pa, ó fi ṣe omi. Látóńdé kọrin títí iṣan ọrùn rẹ̀ fi dìde. Ó bú àna dé ìran kẹta. Nígbà tí wọ́n yọ aṣọ jáde, ó rí bí omi tí wọ́n fi ṣan ìkòkò ẹ̀kọ.

Ọyábùnmi ní Látóńdé kò kígbe tó. Látóńdé ní aṣọ ni kò dára. Àwọn aláró yòókù ní ewúrẹ́ ọjọ́sí ló ń gbẹ̀san.

Nígbà tí Àsàbí dé, ó kúnlẹ̀ kí ìyá ọkọ rẹ̀, ó gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀, ó sì ti ìka bọ omi eérú tó ṣẹ́kù, ó fi kan ahọ́n. Omi náà tẹ́ lẹ́nu.

"Ìyá," ó ní, "ẹ jẹ́ ká gbé ìkòkò kékeré méjì kalẹ̀. Kí èlú wọn jẹ́ ọ̀kan náà, kí omi eérú tí mo bá sẹ́ jẹ́ ọ̀kan náà. Kí wọ́n kọrin fún ọ̀kan, kí ẹnikẹ́ni má kọrin fún èkejì."

"Ṣé o fẹ́ sọ pé irọ́ ni ìyá mi fi kọ́ mi?"

"Rárá, ìyá. Mi ò tíì mọ̀. Ìdí tí mo fi fẹ́ ká ṣe é nìyẹn."

Wọ́n gbé ọ̀kan sí iwájú ilé, Látóńdé ń kọrin sí i, wọ́n gbé èkejì sí ẹ̀yìnkùlé. Lẹ́yìn ọjọ́ méje, wọ́n ri àkísà bọ méjèèjì. Àkísà méjèèjì dú bákan náà, bí ìbejì. Látóńdé wò wọ́n, ó ní ìkòkò ẹ̀yìnkùlé ti gbọ́ orin òun láti ibẹ̀. Wọ́n bi í pé bí wọ́n bá gbé e lọ sóko ńkọ́. Ó ní atẹ́gùn á gbé orin lọ bá a. Bí wọ́n bá dé e pa ńkọ́? Ó ní aró á rántí orin ọjọ́sí. Àwọn aláró tó wá wòran ń mi orí pé òótọ́ ni.

Àsàbí fi ohùn pẹ̀lẹ́ bi í pé, "Bàbá, kí ni aró lè ṣe tí ẹ ó fi gbà pé kò gbọ́ orin?"

Látóńdé ronú. Ó họ orí. Ó ní kí wọ́n fún òun lómi mu.

"Kò sí," ó ní, ó sì rẹ́rìn-ín bí ẹni tó ti jàre.

Gbogbo wọn bá a rẹ́rìn-ín, àfi Ọyábùnmi. Ọ̀rọ̀ náà ti wọ̀ ọ́ lára. Bí aṣọ bá dú, wọn á ní orin ni. Bí kò bá dú, orin náà ni. Kí wá ni aláró fẹ́ fi irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣe? Ohùn rẹ̀ ti padà bọ̀ sípò nígbà yẹn. Ó dìde láàárín wọn, ó ní eérú ìdí ààrò ni kí wọ́n fi pa aró tòun, kí wọ́n fi eérú Àsàbí pa èkejì láìkọrin sí i, òun yóò sì kọ ẹsẹ mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlá fún tòun lójoojúmọ́.

"Bí tèmi bá dú ju tirẹ̀ lọ, orin ni," ó ní. "Bí kò bá dú, mo ti ń tan ara mi jẹ."

Ọjọ́ méje ló fi kọrin. Nígbà mìíràn á dákẹ́ orin, á máa bẹ ìkòkò. Nígbà tó pé, àkísà tirẹ̀ jáde ní àyìnrín. Ti Àsàbí, tí ẹnikẹ́ni kò kí káàárọ̀, dú bí ìdí ìkòkò.

Ọyábùnmi jókòó sílẹ̀. Ìyá rẹ̀ ló ń rò. Ó rántí pé bí ìyá náà ti ń kọrin, iná igi tí yóò di eérú ló ń kò, tí èéfín bò ó mọ́lẹ̀. Orin dùn, òun ni ọmọ rẹ̀ dì mú. Èéfín ń ta ojú, òun ni ọmọ rẹ̀ gbàgbé.

Ó di Àsàbí lọ́wọ́ mú. "Ìyàwó mi, kọ́ mi bí o ṣe ń sun igi."

Àwọn méjèèjì ni wọ́n tún aṣọ Ìyálóde rẹ láró, ó sì dú kó tó di ọjọ́ ìgbéyàwó. Látóńdé padà sí ìdí ọ̀pẹ, ṣùgbọ́n ẹyin díndín ti mú un sanra, igbà ń ké lábẹ́ rẹ̀.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ó ń kọjá lọ, ó bá Ọyábùnmi tó tọ́ omi eérú wò tán, tó tutọ́ dànù, tó sì bẹ̀rẹ̀ orin ìyá rẹ̀ láti ẹsẹ kìn-ín-ní.

"Ìyá aláró," ó ní, "ẹ ti gbà pé ó ń gbọ́ nìyẹn?"

"Ara mi ni mò ń kọ ọ́ fún," Ọyábùnmi dáhùn. "Aró kò gbọ́ orin, eérú ló mọ̀."